Ìwé Kan tàbí Akọ̀wé Kan: Yíyan Dátábéèsì fún Sáfà Ìdílé ní Jamestown

Ní 1922 ni J. K. Bruce-Vanderpuije ṣí ilé fọ́tò Deo Gratias ní Jamestown, ní Accra. Ọ̀dọ̀ J. A. C. Holm ló ti kọ́ṣẹ́; bàbá Holm yìí, N. Walwin Holm, ni ayàfọ́tò tó kó láti Accra wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin. Ọwọ́ ìdílé Bruce-Vanderpuije ni Deo Gratias ṣì wà, tòun ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, James Barnor náà ṣí ilé fọ́tò Ever Young ní àdúgbò kan náà, kó tó kọjá sí ìlú Òyìnbó ní 1959. Nígbà tí ilé ìpàtẹ Serpentine ní London pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2021, àwọn fọ́tò tó yà fún ará Accra nígbà yẹn wà lára ohun tí èrò ń wọ́ lọ wò.

Ẹni tó bá ní fọ́tò tó pọ̀ tó báyìí ní wàhálà méjì lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan la sábà máa ń rí. Èyí tí gbogbo ènìyàn rí ni ibi tí a ó kó wọn sí. Èyí tó le jù ni bí a ó ṣe rí ọ̀kan ṣoṣo yọ nínú wọn lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Wàhálà kejì yìí ti kúrò ní ti ilé fọ́tò nìkan. Ẹ jẹ́ ká mú agbo ilé kan tí kò jìnnà sí ilé gogoro oníná tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ èbúté Jamestown. Ẹnìkan níbẹ̀ ti fi ẹ̀rọ sikánà gba àwọn fọ́tò àgbà sílẹ̀, ó ti gbé fídíò ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS, ó ti kó orin E. T. Mensah àti ti Victor Olaiya jọ, ó wá fi ti fóònù lé e: àjọ̀dún Hɔmɔwɔ ọdọọdún, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Bukom, àjọ̀dún Chale Wote lójú pópó. Ká ní ó jẹ́ 60,000 fọ́tò, 20,000 orin àti 3,000 fídíò. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kí ará ilé lè máa wò ó láti yàrá wọn, kí àwọn tó wà ní Kumasi àti ní London náà lè rí i. Sáfà ìdílé nìyẹn.

Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí kò fi kó wọn sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbàgbé 14 March 2024, àbí kò sí ní Accra lọ́jọ́ náà. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní apá Côte d'Ivoire, Ghana sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fara gbá a jù. Ẹni tí fídíò rẹ̀ wà nínú ilé ń wò ó nìṣó lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí sáfà bá tóbi tó báyìí ni àwọn ọ̀rẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba onílé nímọ̀ràn pé SQLite, dátábéèsì tó wà nínú rẹ̀, kò lè gbé e mọ́, kó yáa lọ sórí dátábéèsì mìíràn, PostgreSQL. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn náà máa ń yá jù, orí ohun tí kì í ṣe ìdí ni wọ́n sì sábà máa ń gbé e lé: wọ́n ń wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó.

Ẹrù náà kọ́ ló wà nínú dátábéèsì. Fídíò wà láyè tirẹ̀ lórí díìsìkì. Ohun tó wà nínú dátábéèsì ni ọ̀rọ̀ nípa fídíò: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yà á, ẹni tó wà nínú rẹ̀, ibi tí Àǹtí dé nígbà tí oorun gbé e lọ, fídíò tí àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ rí. Ká fún ohun kọ̀ọ̀kan nínú 83,000 tó wà nílé yẹn ní kílóbáìtì márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ kò ju 415 mégábáìtì lọ. Fíìmù kan ṣoṣo tó mọ́ dáadáa tóbi jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe SQLite sì sọ pé fáìlì rẹ̀ kan lè gbà tó 281 tẹ́rábáìtì. Kò sí agbo ilé tó máa kún un.

Iye ọwọ́ tó ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà ló yẹ kí a kà. SQLite dà bí ìwé àkọsílẹ̀ kan tó wà lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè ṣí i kà, ṣùgbọ́n bírò kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan yóò dúró kí ẹni tó mú bírò parí. PostgreSQL àti MariaDB dà bí akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu fèrèsé. Ẹ kì í fọwọ́ kan ìwé rẹ̀. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹlòmíràn náà ń sọ tirẹ̀, akọ̀wé ló mọ bó ṣe ń tò ó tí kò fi ní dà rú. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ń jẹun: ó ń gba RAM bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ béèrè nǹkan, ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú.

Bí SQLite ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an fi èyí hàn. Ní 2000, D. Richard Hipp ń bá wọn ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan. Dátábéèsì tí wọ́n ń lò máa ń dákú, ètò tirẹ̀ tí kò ṣẹ̀ tí kò rò náà yóò sì dákú tẹ̀lé e. Ó wá rò ó pé kí ló dé tí òun kò fi lè ka fáìlì náà fúnra òun, láìsí alárinà. Ohun tó ṣe nígbà náà, tó sì fi tọrẹ fún gbogbo ayé, ló wà nínú fóònù yín lónìí. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti orí Android, inú rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí. PostgreSQL wá láti yunifásítì Berkeley, níbi tí Michael Stonebraker ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1986. Ó gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 1996. Ti MariaDB wù mí láti sọ. Michael Widenius, tó wà lára àwọn tó dá MySQL sílẹ̀ ní 1995, fi orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, My, sọ ọ́. Nígbà tí Oracle fẹ́ ra ilé iṣẹ́ Sun tó ni MySQL lákòókò náà, ó ya ẹ̀ka tuntun sọ́tọ̀ ní 2009, ó sì fún un ní orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin mìíràn, Maria. Ọkùnrin náà mọ bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ.

Nínú ilé, ètò tí ẹ bá yàn ló máa ń bá yín yan dátábéèsì. Nínú àwọn ètò fídíò, Plex, Emby àti Jellyfin tí wọ́n yà kúrò lára Emby ní 2018, SQLite ni gbogbo wọn gbé wá. Jellyfin tún inú ilé rẹ̀ kọ́ nínú ẹ̀dà 10.11, ní 2025, kí ó lè ṣeé ṣe láti lo òmíràn lọ́jọ́ iwájú, síbẹ̀ SQLite ló ṣì gbé e jáde. Immich tí wọ́n ń lò fún fọ́tò kò gba ohun mìíràn lẹ́yìn PostgreSQL, nítorí wíwá ojú ènìyàn àti wíwá àwòrán nípa ohun tó wà nínú rẹ̀ gbára lé àfikún kan tí PostgreSQL ní. PhotoPrism, ètò fọ́tò mìíràn, fi SQLite àti MariaDB síwájú yín kí ẹ mú. Kodi tó wà fún tẹlifíṣọ̀n náà bẹ́ẹ̀: tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan á ní SQLite tirẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí èyí tó wà ní pálọ̀ mọ ibi tí ẹ dé nínú fíìmù tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní yàrá, ìyẹn ni ẹ ó fi gbé MySQL tàbí MariaDB kan sílẹ̀ kí gbogbo wọn máa lò ó pọ̀.

Ẹ wá wo ìkọ̀wé tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yẹn. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá ń wo fídíò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ẹ̀rọ oníkálukú sì ń ròyìn ibi tó dé fún sáfà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìkọ̀wé kan ṣoṣo nìyẹn nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. SQLite kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ohun tó lè fún un lọ́rùn ni ọjọ́ tí ẹ bá da 20,000 fọ́tò tuntun sínú rẹ̀, tí apá kan ètò náà ń ka ọjọ́ tí wọ́n yà wọ́n, tí apá kan ń ṣe àwòrán kékeré wọn, tí apá kan ń wá ojú ènìyàn, tí gbogbo wọn fẹ́ gba bírò kan náà. Ọjọ́ náà ni ẹ ó rí gbólóhùn tó ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lágara: «database is locked». Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é mọ́jú. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, tí ẹ̀gbọ́n ń gbé fọ́tò wọlé láti Tema, tí àbúrò ń kọ orúkọ sí i láti London, ẹ lọ gba akọ̀wé. Àwọn tó ṣe digiKam, ètò fọ́tò fún kọ̀ǹpútà, ní kí ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá 100,000 lọ sórí MySQL tàbí MariaDB. Fún ètò tiwọn, ìmọ̀ràn náà bọ́ sí i.

Kí ẹ tó dá dátábéèsì lẹ́bi pé ó ń falẹ̀, ẹ wo ibi tó jókòó sí. Díìsìkì onírin tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan máa ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó débi tí ẹ rán an. Kò lè wá ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ibi lọ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó tán. SSD ń wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí fíìmù wà lórí díìsìkì ńlá tí owó rẹ̀ rọjú, kí dátábéèsì wà lórí SSD kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé PostgreSQL ló tú òun sílẹ̀ ra SSD tuntun lọ́jọ́ kan náà tó gbé e wọlé.

Ohun kan tún wà tí mi ò ní fi falẹ̀ rárá: ẹ má ṣe gbé fáìlì SQLite sórí díìsìkì tí ẹ ń dé nípasẹ̀ nẹ́tíwọ́kì. Ọ̀pọ̀ ilé ní àpótí díìsìkì tó dá dúró, kọ̀ǹpútà mìíràn sì ń bá a sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ NFS tàbí SMB. Fíìmù lè wà níbẹ̀ láìséwu. SQLite ní tirẹ̀ gbára lé ìlérí ẹ̀rọ pé bí ẹnìkan bá ti di bírò mú, ẹlòmíràn kò ní rí i gbà. Lórí nẹ́tíwọ́kì, ìlérí náà máa ń yẹ̀, ọwọ́ méjì á kọ̀wé sójú kan, ìwé á sì bàjẹ́. Bó bá di dandan kí dátábéèsì wà lórí ẹ̀rọ kan kí ètò wà lórí òmíràn, PostgreSQL tàbí MariaDB ni; iṣẹ́ tí wọ́n dá wọn fún nìyẹn.

Ti iná wá kù. Kò sí ará Accra tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ dumsor fún, àwọn ará Èkó náà sì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ nígbà tí dátábéèsì ń kọ̀wé lọ́wọ́? Láti ẹ̀dà 3.7.0 ní 2010 ni SQLite ti ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní WAL. Kàkà kó máa pa ojú ewé àtijọ́ rẹ́, ó ń kọ ohun tuntun sínú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti tó 1,000 ojú ewé, nǹkan bí mégábáìtì mẹ́rin, ó á da á sínú ìwé gan-an. Àwọn tó ń kàwé kì í dúró de ẹni tó ń kọ̀wé mọ́, bí iná bá sì lọ lójijì, ohun tí ẹ lè pàdánù ni ìlà mélòó kan tó gbẹ̀yìn; ìwé fúnra rẹ̀ kò ní fàya. PostgreSQL náà ń kọ ìròyìn sílẹ̀ kó tó ṣe nǹkan, ó sì ń dìde dáadáa lẹ́yìn iná, àfi bí ẹ bá gbọ́ràn sí àwọn tó ní kí ẹ pa fsync, èyí tó ń rí i dájú pé ọ̀rọ̀ ti dé orí díìsìkì, kí ó lè yára. Ní ìlú tí iná kì í lọ, ìmọ̀ràn náà burú. Ní Jamestown, ìparun ni. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná lórí ẹ̀rọ tó lágbára fún PostgreSQL, ẹ kọ́kọ́ fi ra UPS, kí ẹ sì fi ètò NUT sí i kó lè máa pa sáfà jẹ́jẹ́ kí bátìrì tó tán.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gbé Berlin. Ibi tó ti di tiwa ni lẹ́tà. Ŋleshi Alata ni àwọn Gá, ọmọ ìbílẹ̀ Accra, ń pe Jamestown, Alata náà sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó wá láti apá ọ̀dọ̀ wa. Lórí àwọn fọ́tò ìdílé kan náà, ẹ lè bá Ngleshie, Ŋleshi àti Jamestown. Ẹ tẹ Homowo, sáfà á ní kò sí, nítorí Hɔmɔwɔ ni ẹni tó kọ ọ́ kọ. Lẹ́tà tó dá dúró ni ɔ, ɛ àti ŋ. Bí ẹ bá tilẹ̀ bọ́ àmì lára gbogbo lẹ́tà, wọn kò ní di o, e àti n.

Ti Yorùbá tiwa le ju ìyẹn lọ. Lójú ènìyàn, Ọ̀ṣun kan ló wà. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n lè gbà kọ «ọ̀» rẹ̀: kí àmì ìsàlẹ̀ ti wà lára lẹ́tà kí àmì ohùn tẹ̀ lé e, kí àmì ohùn ti wà lára lẹ́tà kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, tàbí kí lẹ́tà wà lásán kí àmì méjèèjì tò tẹ̀ lé e, èyí tó bá wù kó ṣíwájú. Gbogbo wọn jọra lójú, wọn kò dọ́gba nínú fáìlì. SQLite kò bá yín dá sí i. Kódà, bí kò bá sí àfikún, LIKE rẹ̀ mọ̀ pé A àti a jẹ́ ọ̀kan, kò mọ̀ pé Ọ àti ọ jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́tà Òyìnbó nìkan ló kọ́. Ẹni tó bá ń wá Olaiya kò ní rí Ọláìyá. Ẹ̀rọ ìwákiri rẹ̀ tó ń jẹ́ FTS5 lè bọ́ àmì kúrò, bí ẹni tó kọ ètò náà bá rántí láti lò ó.

Ibí yìí ni PostgreSQL ti gba ọlá lójú mi. Láti ẹ̀dà 13 ló ti ní normalize, tó ń sọ ọ̀nà mẹ́rin yẹn di ọ̀kan. Àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ unaccent ń bọ́ àmì, ìwé òfin rẹ̀ sì jẹ́ fáìlì lásán tí ẹ lè kọ tiyín sí: ɔ di o, ɛ di e, ŋ di n. MariaDB náà, bí ẹ bá fi utf8mb4_unicode_ci tò ó, ń ka ọ, ò àti o sí ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i dájú pé utf8mb4 ni, torí utf8 àtijọ́ kò gba àwọn ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí àwọn ọmọ máa ń tẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Agbára yìí kò wúlò bí ètò tó wà lókè kò bá lò ó. Nítorí náà, kí ẹ tó kó 60,000 fọ́tò sínú ètò kankan, ẹ kó mẹ́wàá sí i, ẹ sọ wọ́n ní orúkọ Gá àti ti Yorùbá pẹ̀lú àmì tó pé, kí ẹ wá wọn bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Èyí tó bá rí wọn ni kí ẹ mú. Mo fi èyí ṣáájú ọ̀rọ̀ iyára.

Ẹ̀dà ìpamọ́ kò gùn ní sísọ. Ẹ má kàn da fáìlì SQLite kọ nígbà tí sáfà ń ṣiṣẹ́, nítorí apá kan ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú fáìlì WAL lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ẹ lo VACUUM INTO, tàbí kí ẹ dá ètò dúró ná. Fún PostgreSQL, pg_dump ni. Ẹ̀dà ńlá tuntun PostgreSQL máa ń jáde lọ́dọọdún, tuntun kò sì lè ṣí àpò dátà èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó nínú Docker, tó sì kọ «latest» síbi tó yẹ kó kọ nọ́mbà, lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kí akọ̀wé kọ̀ láti jókòó. Ẹ kọ nọ́mbà síbẹ̀, kí ẹ sì lo pg_dump kí ẹ tó yí i padà.

Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé ẹ lè yan èyí tí kò tọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ní ọ̀nà XMP. digiKam ń ṣe é bí ẹ bá yàn án nínú ètò rẹ̀. Jellyfin náà lè kọ ọ̀rọ̀ fíìmù sínú fáìlì NFO kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù. Bí dátábéèsì bá wá bàjẹ́, tàbí tí ẹ bá fẹ́ kó kúrò lórí SQLite lọ́dún mẹ́ta sí i, ètò tuntun á ka orúkọ Mama àti ọdún tí wọ́n ya fọ́tò náà láti inú fáìlì, iṣẹ́ òru mélòó kan ni yóò sì jẹ́.